Akọ̀wé Adití Nínú Ìgbìmọ̀ Tó Ń Fẹnu Ṣe Gbogbo Nǹkan: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Láti Èkìtì

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó jẹ́ adití díje dupò akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fákọ́tì rẹ̀ ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, ó sì wọlé. Kì í ṣe àánú ló gbé e wọlé. Ó ti ṣe akọ̀wé ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ rí, lẹ́tà tó bá kọ kì í ní àbàwọ́n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, torí òun ló to ètò ìforúkọsílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sórí WhatsApp fún wọn nígbà tí gbogbo rẹ̀ tojú sú wọn. Síbẹ̀, kí sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ tó parí, ààrẹ ẹgbẹ́ ti gba ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn wọn lọ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ kan: kí wọ́n bá òun rọ akọ̀wé kó gbé iṣẹ́ náà fún igbákejì rẹ̀, kó kàn máa jẹ́ orúkọ oyè títí sáà á fi parí.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ débẹ̀, àti ohun tí wọ́n ṣe sí i, la kọ síhìn-ín. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, a kò dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́. A tún ti kó ohun tó máa ń dé bá irú aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sójú kan, kó má baà di pé ẹnì kan pàtó la ń tọ́ka sí. Àwọn tí a kọ ọ́ fún ni olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn tó wà lórí àga ẹgbẹ́ fúnra wọn.

Bí ìgbìmọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣèpàdé nínú kíláàsì ńlá kan, lẹ́yìn tí lẹ́kíṣọ̀ bá ti parí. Ọ̀rẹ́ akọ̀wé, tó kọ́ èdè adití ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń ṣe ògbufọ̀ fún un. Kò gba kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ òun náà ní ìdánwò tirẹ̀ lọ́rùn.

Akọ̀wé kò gbọ́ràn láti kékeré. Èdè tó ń fọwọ́ sọ ni èyí tí wọ́n ń lò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ adití káàkiri Nàìjíríà. Ó fara pẹ́ ti Amẹ́ríkà gan-an, torí Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ adití, tó sì gboyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1954, ló bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ adití ní Gánà lọ́dún 1957, tó sì tún dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1960. Akọ̀wé ń kọ Òyìnbó dáadáa, ó sì ń ka Yorùbá. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ni pé kó máa wo ẹnu àwọn. Wíwo ẹnu kò lè gbé ìpàdé. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò hàn lẹ́nu: ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ẹnu kan náà ni gbogbo wọn. Ètè ń pàdé bákan náà fún b àti m. Bí ẹnì kan bá tún yí sí èdè Èkìtì, tó pe ilé ní ulé, ẹni tó ń wo ẹnu ti ṣìnà nìyẹn.

Ibi mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ yìí ti ń ṣe ìpinnu. Èkíní ni ìpàdé gan-an. Èkejì ni orí WhatsApp, níbi tí ààrẹ ti máa ń fi fọ́ìsì nóòtì oníṣẹ́jú mẹ́rin márùn-ún ránṣẹ́ láti orí ọ̀kadà. Ẹ̀kẹta, òun ló sì lágbára jù, ni ìdúró lẹ́yìn ìpàdé. Ẹni mẹ́ta mẹ́rin á dúró nídìí àga ẹni tó ń ta búrẹ́dì àti ẹyin, tàbí kí wọ́n jọ lọ sí yàrá ẹnì kan níta ọgbà. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí ti yí padà, owó sì ti lè jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n mú iná lọ bí ìpàdé ṣe dé orí aṣọ ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn, wọ́n to wọ́n dojú sókè sórí tábìlì, ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ wà lórí ìwé, ó wà lórí igo omi, ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ ògbufọ̀ wà nínú òkùnkùn. Ọ̀rẹ́ náà gbìyànjú, ó fi ọwọ́ kan di fóònù mú láti tan iná síra rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan tó kù sọ̀rọ̀. Èdè tó ń lo ọwọ́ méjì wá di ìdajì. Kí iná tó dé, wọ́n ti yan aránṣọ, wọ́n ti fọwọ́ sí iye owó. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, èyí tí akọ̀wé fúnra rẹ̀ ní láti fọwọ́ sí, ibẹ̀ ṣófo.

Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá ń kà sí i lọ́rùn. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń pẹ́ dé, wọ́n ní ó ń fo ọ̀rọ̀, wọ́n ní ó máa ń béèrè ohun tí gbogbo èèyàn ti gbọ́. Ẹnì kan kọ ọ́ sórí WhatsApp pé àtàrí àjànàkú kì í ṣerù ọmọdé. Ó kà á, kò fèsì.

Ohun tí olùdámọ̀ràn kọ́kọ́ ṣe

Olùdámọ̀ràn, olùkọ́ obìnrin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò pe ìpàdé ìlàjà. Ìdí rẹ̀ kò le: bí wọ́n bá kó àwọn mẹ́sàn-án jọ lọ́jọ́ náà, inú irú ìpàdé tí akọ̀wé kò gbọ́ kan náà ni wọ́n yóò ti máa jíròrò bóun ṣe ń ṣiṣẹ́. Akọ̀wé nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ rí, fún wákàtí kan, pẹ̀lú ògbufọ̀ tí wọ́n sanwó fún, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ ògbufọ̀ yìí. Akọ̀wé kò lè fi ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò tó. Ọjọ́ náà ló tó hàn pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná tí ẹni mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ pọ̀, ọ̀rẹ́ náà á kàn ṣe é ní àmì pé, “Wọ́n ń jà ni, jẹ́ kí wọ́n parí, màá sọ fún ẹ.” Gbogbo adití tó ti jókòó sáàárín àwọn tó ń gbọ́ràn ló mọ gbólóhùn yẹn. Ibi tí ìjà wà sì ni ìpinnu máa ń wà. Nígbà tí olùdámọ̀ràn béèrè ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe fún un, ó ní, “Mo mọ iṣẹ́ mi, mà. Ìpàdé ni kì í dé ọ̀dọ̀ mi.”

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ya tábìlì kan, tó ní òpó mẹ́fà: ìpinnu, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ibi tí wọ́n ti ṣe é, bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀, ta ló wà níbẹ̀, ìgbà wo ni akọ̀wé tó mọ̀. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí wọ́n tó kọ ọ́, torí olúkúlùkù ló máa ń rántí ìpàdé tó gbè é. WhatsApp ẹgbẹ́ ni wọ́n yí padà sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì gba ẹ̀dà rìsíìtì ìfowóránṣẹ́ lọ́wọ́ akápò. Rìsíìtì ló jẹ́rìí jù. Bí owó bá jáde lọ́jọ́ Àìkú fún ohun tí wọ́n ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ló fọwọ́ sí, a ti mọ̀ pé ìpàdé kọ́ ló ṣe ìpinnu.

Ohun méjì jáde nínú tábìlì náà. Èkíní ni pé ó ju ìdajì ìpinnu lọ tí wọ́n ti ṣe níbi tí kò sí àkọsílẹ̀ rárá. Èkejì kò sẹ́ni tó retí rẹ̀: igbákejì ààrẹ, tóun náà jẹ́ obìnrin, kò sí níbi tó pọ̀ jù nínú wọn, torí wọ́n máa ń ti géètì họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin lálẹ́, ó sì ti sú akọ̀wé owó, ọmọ Ebira láti Kogi, láti máa béèrè ohun tí wọ́n sọ bí àwọn yòókù bá ti bọ́ sínú èdè Èkìtì. Akọ̀wé nìkan kọ́ ni ìpàdé náà ń já sílẹ̀. Èyí ló yí ààrẹ lọ́kàn padà ju gbogbo ìwàásù lọ, nítorí èèyàn mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìlera ẹnì kan mọ́.

Ní ti òfin, olùdámọ̀ràn mẹ́nu bà á lẹ́ẹ̀kan péré. Òfin àpapọ̀ tó lòdì sí yíya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀, òfin ọdún 2018 tí ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, títí dé yunifásítì, jẹ́ èyí tí àkàndá lè lò, kí wọ́n sì ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀kọ́ wọn. Ó fi owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, lélẹ̀ fún ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀, àti 1,000,000 náírà fún iléeṣẹ́. Òfin yunifásítì tọdún 2003 náà sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ tó bá ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn. Gbígba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n dìbò yàn, torí pé adití ni, kò ní ibi tí yóò fara pamọ́ sí lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fi òfin lé wọnú ìpàdé lè jókòó síbẹ̀ fún ọdún kan kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè padà sórí bí ìpàdé yóò ṣe máa lọ.

Ojú kan, iṣẹ́ méjì

Ìbéèrè tó nira jù kò jẹ́ ti ìwà. Iṣẹ́ akọ̀wé gan-an ni. Ẹni tó ń gbọ́ràn lè tẹ́tí kó máa kọ̀wé lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Adití kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ojú tó ń gbà á ní ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ògbufọ̀ náà ni yóò fi wo ìwé. Bó bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá wolẹ̀ láti kọ orúkọ ẹni tó dá àbá, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ọ̀rọ̀ ti lọ nìyẹn. Orísun àlàfo inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìyí, kì í ṣe àìbìkítà.

Ààrẹ ti ní kí igbákejì akọ̀wé máa kọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan sí yàtọ̀. Igbákejì ń tẹ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń jáde sórí Google Docs, láìṣàtúnṣe, láìṣàkópọ̀, akọ̀wé sì ní ojú-ewé kan náà níwájú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ìyẹn kì í ṣe àkọsílẹ̀ ìpàdé, èròjà ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá parí, ẹni tó ń darí ìpàdé gbọ́dọ̀ dúró, kó sọ ìpinnu ní gbólóhùn kan: ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, ẹni tó dá àbá, ẹni tó kín in lẹ́yìn, ẹni tí iṣẹ́ já lé lọ́wọ́, ọjọ́ tí yóò fi parí rẹ̀. Ògbufọ̀ á sọ ọ́ tán. Akọ̀wé á kọ ọ́, á fi ọwọ́ sọ ohun tó kọ, ògbufọ̀ á ké e sókè, ìgbìmọ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó kàn tó lè bẹ̀rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ìpinnu kọ̀ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ tó ń pẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń jáde lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé gan-an, àríyànjiyàn “èmi kò sọ bẹ́ẹ̀” sì dínkù jọjọ.

Ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n fi fóònù tó ń sọ ohùn di ìwé rọ́pò ògbufọ̀. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń sọ Òyìnbó jẹ́jẹ́ nítòsí fóònù, ó ń ṣe dáadáa. Nígbà tí ẹni mẹ́sàn-án bá ń da Òyìnbó, Yorùbá àti èdè Èkìtì pọ̀ nínú kíláàsì tó ń ké padà, ohun tó ń kọ kò ní orí kò ní ìdí. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìpàdé ẹni méjì.

Àdéhùn ojú-ewé kan

Gbogbo èyí wọ inú ìwé kan tí kò ju ojú-ewé kan lọ, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fọwọ́ sí i, olùdámọ̀ràn náà fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ìdí tó fi wà níbẹ̀, torí ẹni tó bá da ìwé náà kọ láìmọ ìdí yóò tètè gé èyí tó wúlò jù kúrò.

Ìkéde ìpàdé gbọ́dọ̀ jáde ní kíkọ ní wákàtí 48 ṣáájú, kókó ọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ògbufọ̀ ní wákàtí 24 ṣáájú. Orúkọ ènìyàn àti orúkọ ibi ni ògbufọ̀ máa ń kọsẹ̀ lé lórí, nítorí bí kò bá sí àmì fún un, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni yóò máa fìka kọ. Wọ́n jókòó lọ́jọ́ kan, akọ̀wé fún ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àmì, àti àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lóòrèkóòrè: owó ẹgbẹ́, díìnì, ọ̀sẹ̀ fákọ́tì, ìpàdé gbogbogbò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn tó ń gbọ́ràn náà ti ń lò ó láàárín ara wọn nínú kíláàsì.

Ìpàdé tó bá máa ju wákàtí kan lọ nílò ògbufọ̀ méjì, tí wọn yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní ogún ìṣẹ́jú sí ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe pé ọwọ́ ń ro wọ́n nìkan. Ọpọlọ tó ń gbọ́ èdè kan tó ń sọ òmíràn lẹ́ẹ̀kan náà máa ń rẹ̀, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rọ̀ kúrú kí ẹni tó ni ín tó mọ̀. Ojú akọ̀wé náà ń rẹ̀, nítorí náà ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń darí ìpàdé ni ògbufọ̀ ń jókòó sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ akọ̀wé, kí akọ̀wé lè máa rí àwọn méjèèjì láìyí ọrùn. Kò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí fèrèsé, torí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn ń sọ ojú di dúdú. Aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo ni yóò wọ̀, èyí tó yàtọ̀ kedere sí àwọ̀ ara rẹ̀. Àǹkárá onídòdò ń da ojú láàmú. Ẹgbẹ́ ra fìtílà alábátìrì kan, wọ́n sì fi sí iṣẹ́ alukoro láti máa gba iná sí i láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bí iná bá lọ, ìpàdé dúró títí fìtílà yóò fi tàn sí ojú àti àyà ògbufọ̀ láti iwájú.

Akọ̀wé ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ògbufọ̀. “Sọ fún un pé” kò sí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á nawọ́, á dúró kí wọ́n pè é, nítorí ògbufọ̀ kò lè gbé ohùn méjì. Kí ẹni tó ń darí tó pa ọ̀rọ̀ kan dé, yóò ka ení dé àrún nínú ara rẹ̀: ọ̀rọ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé lẹ́yìn àwọn yòókù, bí wọn kò bá fún un ní àyè yẹn, gbogbo ìgbà tó bá nawọ́ ni yóò máa pẹ́. Wọ́n fòpin sí ìdìbò onígbe. Ọwọ́ ni wọ́n ń nà, wọ́n sì ń kà á.

Ní orí WhatsApp, ẹni tó bá fi fọ́ìsì nóòtì ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ kókó rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́, a kò kà á sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ nídìí búrẹ́dì kò lè di ìpinnu àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sórí WhatsApp tí wákàtí 24 sì kọjá láìsí ẹni tó takò ó. Akápò kò gbọdọ̀ fi owó ránṣẹ́ kí wákàtí náà tó pé. Ní tiwa, ìlà yìí ló gbé gbogbo àdéhùn náà dúró. Ẹ lè kó ògbufọ̀ mẹ́wàá sínú ìpàdé. Bí ìpinnu bá ń wáyé níbòmíràn, ẹ kàn ń fi ọwọ́ túmọ̀ òfìfo ni.

Ìpàdé gbogbogbò tún ní tirẹ̀. Ògbufọ̀ wà lórí pèpéle pẹ̀lú ààrẹ, kì í ṣe nísàlẹ̀, torí akọ̀wé nìkan kọ́ ni adití nínú fákọ́tì. Nígbà orin àti ariwo ẹgbẹ́, ògbufọ̀ ń sọ ohun tí wọ́n ń kọ, kò jókòó. Bó bá di ìwọ́de, akọ̀wé kò gbọdọ̀ wà láìsí ẹnì kan pàtó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ kó sì júwe ohun tí ọlọ́pàá bá kéde. Ewu gidi wà níbẹ̀: ẹni tí wọ́n pàṣẹ fún pé kó dúró, tí kò gbọ́, tó wá ki ọwọ́ bọ àpò láti mú fóònù rẹ̀ jáde.

Owó

Ògbufọ̀ méjì fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan jẹ́ owó. Ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ ní kò sí. Ìwé ìṣúná wọn la ti rí i: owó ẹ̀bùn tí wọ́n máa ń tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára fún àsè ìparí ọdún tó láti san èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n gé ẹ̀bùn náà sí ìdajì. Ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gba ti ìpàdé gbogbogbò àti ti ìdìbò, nítorí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn, kì í ṣe ti ẹgbẹ́.

Lẹ́tà àdéhùn wà fún ògbufọ̀ kọ̀ọ̀kan: iye owó fún ìpàdé, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀, àti pé bí wọ́n bá fagi lé ìpàdé nígbà tí kò tó wákàtí 24 mọ́, wọn yóò san ìdajì. Ìlà ìkẹyìn yẹn mú kí ìgbìmọ̀ tètè máa pinnu. Àwọn tí wọ́n rí ni olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ adití kan (ti ìjọba wà ní Ìkòrò-Èkìtì), àti ẹnì kan tó kàwé nípa ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá. Ẹni tó bá ń wá irú wọn lè kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn adití ti Nàìjíríà tàbí ti JONAPWD, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn àkàndá ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, àti ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìjọ adití. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló bá wọn sọ̀rọ̀ wò kí wọ́n tó gbà wọ́n. Ó kọ ẹnì kan tó mọ èdè adití dáadáa, ṣùgbọ́n tó ń fi ojú bàbá bá a sọ̀rọ̀, tó sì máa ń dáhùn ìbéèrè dípò rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n ní kó ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí kò lọ bó ṣe yẹ

Ògbufọ̀ kejì kì í ṣe ọmọ Èkìtì, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sì máa ń bọ́ sínú èdè ìlú wọn tí inú wọn bá dùn tàbí tí wọ́n bá ń bínú. Nígbà méjèèjì yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ máa ń ṣe kókó. Wọn kò fòfin de èdè Èkìtì, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ ọ́ ni yóò tún un sọ ní Yorùbá tí gbogbo èèyàn gbọ́ tàbí ní Òyìnbó. Akọ̀wé owó ló máa ń rán wọn létí jù.

Igbákejì akọ̀wé bínú. Ó ní òun kò díje láti di atẹ̀wé. Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ: wọ́n ṣe ètò náà láì bi í. Wọ́n wá pín in pé òun ló ni gbogbo lẹ́tà tó ń jáde sí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, orúkọ òun ni yóò sì máa wà nísàlẹ̀ wọn. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, kò balẹ̀ tán.

Ọ̀rẹ́ akọ̀wé náà rò pé wọ́n lé òun ni. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba kí wọ́n tó gba ẹlòmíràn. Ẹni bá ń ṣe irú ètò yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ ẹni tó ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lọ, kó ṣàlàyé pé ìtura ni fún òun náà, kó sì fi lẹ́tà ìdúpẹ́ tí ọ́fíìsì lu òǹtẹ̀ sí lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe akọ̀wé. Àlejò dé, kó wá ya fọ́tò. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí àwọn àkàndá, kó wá sọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ kan fẹ́ ẹnì kan tó jẹ́ àkàndá, òun ni. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Olùdámọ̀ràn bá a ṣe òdiwọ̀n kan: ìpè kan láàárín oṣù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ìpè yòókù á gba ọ́fíìsì kọjá, kò sì sí ìpè kankan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ìdánwò. Ó rọrùn fún òṣìṣẹ́ láti sọ pé “kò ní ráyè” ju kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ sọ ọ́ sójú díìnì. Ìgbà tí wọ́n ń ṣe èyí ni wọ́n tún rí i pé owó ògbufọ̀ wà fún ìpàdé ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò sí fún lẹ́kíṣọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti kọ̀wé lórí ìyẹn lọ́tọ̀.

Wọ́n gbé àdéhùn náà lọ síwájú ìpàdé gbogbogbò kó lè wọ inú ìwé òfin ẹgbẹ́. Kò rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò tó nílò. Àwọn tó takò ó ní fún ẹnì kan ni. Ìgbìmọ̀ wá sọ ọ́ di ìlànà ìpàdé, èyí tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ lè fọwọ́ sí fúnra rẹ̀. Ìlànà ìpàdé rọrùn láti ṣe, ó sì rọrùn fún ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀ láti pa rẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Akọ̀wé parí sáà rẹ̀. Ó fa fáìlì, fìtílà alábátìrì àti lẹ́tà àdéhùn àwọn ògbufọ̀ lé ẹni tó rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́, pẹ̀lú orúkọ àmì gbogbo àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó yà sórí ìwé. Ìgbìmọ̀ tuntun kò ní adití nínú. Nínú ìpàdé wọn kejì, ẹnì kan béèrè pé kí ni wọ́n tún ń pa owó ògbufọ̀ mọ́ sí. Wọ́n jiyàn lé e lórí. Ìkéde wákàtí 48, gbólóhùn ìpinnu, ọwọ́ nínà àti òfin wákàtí 24 lórí owó kò kúrò. Akápò tuntun ló dúró lé òfin owó náà jù, torí ó ti gbà á lọ́wọ́ àwọn tó máa ń pè é lóru pé kó tètè fowó ránṣẹ́. Owó ògbufọ̀ fún ìpàdé gbogbogbò náà dúró. Èyí tó jẹ́ ti ìpàdé ìgbìmọ̀ ni wọ́n yọ kúrò nínú ìṣúná.

Olùdámọ̀ràn ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí owó náà kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fákọ́tì pátápátá, kó wà lọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹgbẹ́ yòówù tí adití bá wọlé sínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ lè béèrè fún un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sáà, kí wọ́n tó pín ìṣúná. Adití kan ní ọdún kejì ti gba fọ́ọ̀mù láti du ipò akápò.